Ẹlẹ́ja Láàárín Àwọn Onímọ̀ Òkun

Òkun jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tó bá wọkọ̀ láàárọ̀ ní Sábó, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wá lọ dá a dúró lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó, ilẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú kó tó fojú kan ìgbì. Àmọ́ ẹja òkun ni mò ń tà jẹun. Titus, kòtè, pánlá, ṣáwá, kúrókà, gbogbo ohun tí àwọn àgbà ń pè ní òkú Èkó ló wà nínú fírísà mi ní Wásó, níbi tí Màmá ti bẹ̀rẹ̀ òwò náà kí n tó mọ owó kà. Nígbà tí oníbàárà mi kan, obìnrin tó jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, wá sọ fún mi pé àwọn onímọ̀ òkun àti ẹja ń bọ̀ wá ṣe àpérò nílùú wa, ẹ̀rín ló pa mí.

"Dókítà, ta ló júwe ọ̀nà fún wọn? Ṣé wọ́n mọ̀ pé kò sí òkun níbí?"

Ó ní wọ́n mọ̀. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn àgbà wọn jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, òun ló sì fárígá pé dandan ni kí wọ́n gbé e wá sílé. (Ẹ mọ̀ wá. Ibi yòówù ká lọ, a máa ń wá ọ̀nà tí nǹkan rere á fi gba ilé kọjá.) Ohun tó gbé Dókítà wá sọ́dọ̀ mi ni pé wọ́n nílò ẹja tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa fi kọ́ṣẹ́. Orí ẹja nìkan ni wọ́n fẹ́, kó sì dì gbagidi. Mo ní màá ta odidi, mi ò ní ta orí, ta ló fẹ́ wá bá mi ra ẹja tí kò lórí? A nájà á títí. Níkẹyìn mo dín in fún wọn, mo wá fi àdéhùn kan lé e: màá jókòó gbọ́ ohun tí wọ́n bá ń sọ níbẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ gbọ́, Ìyá Àyọ̀? Gẹ̀ẹ́sì ni ṣáá o."

Mo ní mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mà. Ìwé ni mo ń kà kí ẹ̀yìn ríro tó dá Màmá jókòó, tí mo wá sídìí ẹja.

Bí mo ṣe gun kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sí Under G nìyẹn, mo wọ LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, pẹ̀lú aṣọ àńkárá tí mo fi lọ ìkómọ lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Gbọ̀ngàn náà ti kún. Wọ́n so káàdì mọ́ gbogbo wa lọ́rùn, wọ́n pín tíì àti búrẹ́dì. Tíì! Nílùú tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti Èkó wá jókòó tì mí, ó ní ẹnu ya òun pé irú yunifásítì báyìí wà ní abúlé. Abúlé ni o ó pe ibí? Mo jẹ́ kó jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán kí n tó dá a lóhùn. Mo ní, "Àbúrò, òyìnbó Onítẹ̀bọmi tó ń jẹ́ T. J. Bowen ti wá tẹ̀dó síbí ní 1855. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi ti wà níbí láti 1898. LAUTECH tí o jókòó sí yìí gan-an, 1990 ni wọ́n dá a sílẹ̀, àfàìmọ̀ kó má jù ọ́ lọ." Ó ní ẹ má bínú mà. Ọmọ dáadáa ni, ẹ ó tún gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú.

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ló wọ̀ mí lára jù. Bàbá kan tí irun rẹ̀ ti funfun ni. Ó gbé àwòrán ayé sára ògiri, ó fi iná pupa kékeré tọ́ka sí òkè lọ́hùn-ún, láàárín Nọ́wè àti Iceland, ó ní agbègbè ibẹ̀ ni Titus tó wọ́pọ̀ ní ọjà wa ti ń wá. Ó ní ẹja yẹn kò ní àpò afẹ́fẹ́ tó máa ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ẹja léfòó, nítorí náà kò lè dúró sójú kan. Tó bá dẹ́kun ìwẹ̀, rírì ló máa rì. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ torí mo mọ̀ pé Àyọ̀ máa fẹ́ gbọ́ ọ.

Ìgbà tó wá dórí ọ̀rọ̀ pínpín ni mo gbé bírò sílẹ̀ tí mo kàn ń tẹ́tí. Nọ́wè ń pa ẹja yìí, Iceland ń pa á, àwọn ará erékùṣù Faroe ń pa á, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àjọ àwọn ilẹ̀ Yúróòpù náà ń pa á, àmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo wọn kò fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe máa pín in. Kálukú ń bu iye tó rò pé ó tọ́ sí òun. Ohun tí gbogbo wọn bù pa pọ̀ sì ń ju iye tí àwọn onímọ̀ ní kí wọ́n mú lọ. Òun ló fà á tí òǹtẹ̀ MSC, èyí tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ẹja tí wọ́n pa níwọ̀ntúnwọ̀nsì, fi kúrò lára rẹ̀ ní 2019. Àjọ kan wà ní Copenhagen tó ń jẹ́ ICES, láti 1902 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, àwọn ló ń ṣírò iye ẹja tó kù nínú òkun apá ibẹ̀. Wọ́n gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí ohun tí wọ́n máa pa ní 2026 dín kù ju ìdajì lọ.

Ju ìdajì lọ! Ṣé ẹ rí nǹkan? Àwọn èèyàn jókòó síbì kan tí a ò mọ̀, wọn ò gbọ́ ara wọn yé, owó páálí ẹja gun òkè ní Wásó, oníbàárà dúró níwájú mi ó ní èmi ni olè. Mi ò sọ pé gbogbo rẹ̀ ló tibẹ̀ wá o. Dọ́là wà níbẹ̀, owó mọ́tò wà níbẹ̀, alágbàtà mi ní Èkó náà kì í ṣe áńgẹ́lì. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, tí ẹnì kan bá bi mí pé kí ló dé tí Titus fi wọ́n tó báyìí, ìdáhùn mi ti gùn díẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ní ta ló ní ìbéèrè, mo nawọ́. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Òkun wà l'Ékòó, ó wà ní Ìlàjẹ, ó wà ní Bonny. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ láti Nọ́wè ni ẹja ọbẹ̀ wa ti ń wá?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ìbéèrè tó yẹ kí ìjọba máa bèèrè nìyẹn.

Ó ní etí òkun wa gùn ju kìlómítà 850 lọ lóòótọ́, àmọ́ gígùn kọ́ ni ẹja ń jẹ. Ibi tí omi ò ti jìn, tí ẹja ti ń rí oúnjẹ dáadáa, tín-ín-rín ló rí lọ́dọ̀ wa, pàápàá lápá Èkó. Téèyàn bá tukọ̀ síwájú díẹ̀, ibú ló máa bọ́ sí. Lápá Senegal àti Mauritania, atẹ́gùn máa ń ti omi òkè sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi tútù ìsàlẹ̀ á sì ru sókè, bí ìgbà tí èèyàn fi ìpọnbẹ̀ ro ìdí ìkòkò. Gbogbo ajílẹ̀ tó ti rì sísàlẹ̀ á gòkè wá síbi tí oòrùn ń ràn sí. Ewéko tí ojú lásán ò lè rí á hù lórí ẹ̀, ẹja wẹ́wẹ́ á jẹ ewéko, ẹja ńlá á jẹ ẹja wẹ́wẹ́. Ó ní ó máa ń ṣẹlẹ̀ ní Ghana àti Ivory Coast náà, ní nǹkan bí oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án. Tiwa kì í fi bẹ́ẹ̀ ru. Ó tún fi ti àwọn ọkọ̀ àjòjì tó ń wá jí ẹja kó nínú omi wa kún un, orí ìyẹn sì ni gbogbo gbọ̀ngàn bá lọ, ariwo ta, mi ò ní kọ gbogbo rẹ̀ tán.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ti oúnjẹ ọ̀sán. Ráìsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti itan adìẹ ni. Níbi àpérò ẹja! Mo bi ìyá tó ń bu oúnjẹ pé kí ló fa èyí, ó ní ẹja ti wọ́n jù. Mo ní ta ló sọ fún yín? Ó wojú mi, ó ní, "Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ pe páálí fún mi ní Wásó?" Mo gba itan adìẹ mi, mo lọ jókòó.

Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n kó wa lọ sí yàrá kan níbi tí ẹja mi ti ń dúró dè wá lórí tábìlì, ó ti ń yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọbìnrin tó ń ka ìwé oyè ọ̀mọ̀wé ló ń darí ibẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ yá bí ọwọ́ ẹni tó ti gé ẹja lọ́jà rí. Ó mú kúrókà kan, ó fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ gé e láti òkè ojú lọ sẹ́yìn orí, gígé tí èmi ò gé ẹja rí láyé mi, ó sì ṣí àwo orí náà. Ọpọlọ rẹ̀ ò tó nǹkan. Lábẹ́ ọpọlọ, ihò méjì wà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ó ti ẹ̀mú bọ inú ọ̀kan, ó yọ òkúta funfun kan jáde, ó gbé e lé mi látẹ́lẹwọ́.

Ó wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Ẹ̀gbẹ́ kan ń dán, ẹ̀gbẹ́ kejì rí gbágungbàgun, kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Mo mọ òkúta yìí! Àwọn tó ń jẹ orí kúrókà máa ń tu ú jáde, wọ́n á ní eyín àwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Òkúta etí ni. Òun ni ẹja fi ń gbọ́ràn, òun náà ló fi ń mọ̀ bóyá òkè lòun kọjú sí tàbí ìsàlẹ̀.

Wọ́n ní òmíràn tí wọ́n ti gé, tí wọ́n ti yún títí ó fi fẹ́lẹ́ débi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá. Wọ́n gbé e sábẹ́ maikirosikópù, mo fojú sí i. Ìlà dúdú, ìlà funfun, ìlà dúdú, ìlà funfun, wọ́n yí ara wọn ká láti àárín títí dé etí. Àwọn ìlà yẹn ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí ẹja. Nílẹ̀ tó máa ń tutù gan-an, ìlà máa ń hàn ketekete, nítorí ẹja kì í fi bẹ́ẹ̀ dàgbà nígbà òtútù. Lọ́dọ̀ wa tí omi ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ látoṣù dé oṣù, kíkà rẹ̀ gba sùúrù, àwọn onímọ̀ pàápàá a sì máa jiyàn lé e. Wọ́n jiyàn lójú mi. Ọkùnrin kan ní ọdún márùn-ún, obìnrin kan ní mẹ́rin, èmi rí mẹ́rin àti nǹkan mìíràn tí mi ò mọ̀ bóyá ìlà ni tàbí ìdọ̀tí. Wọ́n kọ mẹ́rin sílẹ̀.

Ti Titus kò ṣeé mú bẹ́ẹ̀. Òkúta tirẹ̀ kéré púpọ̀, fífọ́ ò sì pẹ́ ẹ. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá a títí nínú orí tó wà níwájú rẹ̀, ó kàn rí ẹ̀jẹ̀ ni. Mo bèèrè pé ọdún mélòó ni Titus ń lò láyé. Ọmọbìnrin náà ní tí wọn ò bá pa á, ó lè lò ju ọdún mẹ́wàá lọ. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Màmá nílé, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Á jẹ́ pé òmíràn ju Àyọ̀ lọ nínú èyí tí a ti fi se ẹ̀fọ́."

Ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ tó bá mi wí gan-an wáyé. Ọkùnrin kan tó wọ gíláàsì ló sọ ọ́. Ó ní nínú ẹran Titus, kòtè àti ṣáwá, èròjà kan wà tí kòkòrò àìfojúrí máa ń sọ di ohun tí wọ́n ń pè ní histamine, tí ẹja náà bá ti pẹ́ nínú ooru. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ lè pọ́n, kí ara máa yún un, kí orí máa fọ́ ọ, nígbà míì kí wọ́n tó palẹ̀ àwo mọ́. Lọ́dọ̀ wa, wọ́n á ní ẹja kò bá a lára mu, tàbí kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìyàwó ilé kejì. Sísè kò lè mú un kúrò. Díndín kò lè mú un kúrò. Tí wọ́n bá tún dá ẹja náà padà sínú yìnyín kó dì, ó wà níbẹ̀ digbí. Àfi kí ẹja má gbóná rárá láti ìgbà tí wọ́n ti pa á: kí fírísà wà ní -18 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí èyí tí wọ́n ti yọ́ má sì kọjá 4 títí wọ́n á fi sè é.

Mo dìde. Mo ní, "Sà, mo gbọ́. Èmi ni mo ta ẹja tí ẹ gé lánàá. Iná lè lọ lálẹ́ Jímọ́ kó má dé títí di ọjọ́ Ajé, ẹ̀yin náà mọ iye tí wọ́n ń ta dísẹ́ẹ̀lì. Tí òṣùwọ̀n bá wá kọjá ibi tí ẹ wí, ṣé kí n da gbogbo páálí nù ni? Ta ló máa san án?"

Ó tún gíláàsì ojú rẹ̀ ṣe. Ó ní ọ̀rọ̀ ìlànà ìjọba ni. Mo ní rárá sà, ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé ọmọ ni.

Ìyá àgbà kan tó jókòó lẹ́yìn ló gbà mí. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìwádìí ẹja ní Èkó, ó sì sọ ọ́ ní Yorùbá kí gbogbo wa lè gbọ́. Ó ní, "Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ gbọ́. Fírísà tó kún bámúbámú, tí ẹ kò ṣí, lè mú òtútù dúró tó wákàtí 48. Èyí tó kún dé ìdajì, wákàtí 24 ni. Ẹ fi omi iyọ̀ sínú ike, ẹ tò ó sí gbogbo ibi tó bá ṣófo, tó bá dì tán, ó tutù ju yìnyín lásán lọ. Ẹ ní fírísà kan tí ẹ ó máa ṣí fún oníbàárà, kí ẹ má fọwọ́ kan ìyókù. Ẹ sì ra òṣùwọ̀n ooru. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìka ọwọ́." Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́rọ̀ kan sí èkejì. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀, òun ni mo ti ń lò jù. Òṣùwọ̀n náà kò wọ́n, ó wà nínú fírísà kọ̀ọ̀kan báyìí, Màmá ló máa ń yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, tí yóò sì pariwo iye tó kà fún gbogbo àdúgbò gbọ́.

Àbúrò mi ará Èkó ló sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn èèyàn ti ń tòògbé. Ó fi àwòrán koríko òkun kan hàn wá, sargassum, tó ti ń ya wọ etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà láti 2011, tó ń di àwọ̀n apẹja. Ìyẹn jìnnà sí mi. Àmọ́ ó wá gbé àwòrán odò Yorùbá jáde, mo sì jókòó dáadáa. Omi tó ń ṣàn kúrò nílùú wa yìí, apá kan rẹ̀ ń lọ sínú Odò Ọba. Ọba lọ pàdé Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun gba Aṣéjìrẹ́ kọjá, ó lọ já sí ọ̀sà Lẹ́kì, láti ibẹ̀ omi náà á wá ọ̀nà dé òkun. Ó ní ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí ẹnì kan jù sí gọ́tà ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ọ̀nà Èkó ju awakọ̀ lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Òótọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀, ó sì jẹ́ kí n ronú sí láílọ́ọ̀nù dúdú tí mo fi ń di ẹja, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò tíì mọ ohun tí màá fi rọ́pò rẹ̀ tí omi ẹja ò fi ní máa kán sí aṣọ èèyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tó dìde, ọ̀rá omi tí òun fúnra rẹ̀ mu wà lábẹ́ àga. Mo pè é padà, mo fi hàn án. Ó rẹ́rìn-ín, ó mú un.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó lójú mi ni àwọn tí kò sí níbẹ̀. Mi ò rí apẹja kan. Mi ò rí àwọn obìnrin Ìlàjẹ tó ń sun ẹja, mi ò rí àwọn ará Ẹ̀pẹ́. Bí kì í bá ṣe orí kúrókà, wọn ì bá má pe èmi náà. Mo sọ ọ́ fún Dókítà nígbà tó wá ra ẹja lẹ́yìn náà, ó ní òótọ́ ni, ó wá gba ibẹ̀ bẹ̀ mí níṣẹ́. Àwọn kan níbi àpérò náà fẹ́ mọ̀ bóyá ẹja inú páálí ń kéré sí i, torí tí wọ́n bá pa ẹja jù, àwọn ńlá ló máa ń kọ́kọ́ tán. Màmá ta sí i láti orí àga rẹ̀ pé kí wọ́n wá bi òun: páálí ìgbà kan, ẹja inú rẹ̀ ò pọ̀, àmọ́ ọ̀kan á kún ọwọ́, ní báyìí, kíkà ló ń pọ̀. Dókítà ní ó dáa mà, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ó fún mi ní ìwé kan àti igi ìwọ̀n, kí n máa wọn ẹja díẹ̀ nínú páálí tí mo bá ṣí, láti ẹnu dé ìrù, kí n kọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n kọ sára páálí pé ó ti wá.

Mo bèèrè owó iṣẹ́. Ó ní kò sí owó níbẹ̀ o, àmọ́ wọ́n á fi orúkọ mi sínú ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ jáde. Mo ní orúkọ mi kò lè wọ inú jẹnẹrétọ̀. Kí wọ́n máa fún mi ní dísẹ́ẹ̀lì díẹ̀ lóṣooṣù. Ó ní òun á bá wọn sọ ọ́. Wọn ò tíì dáhùn, àmọ́ mo ti bẹ̀rẹ̀ ná. Tí ẹ bá wá ra Titus ní Wásó, tí ẹ rí i tí mò ń fi igi wọn ẹja yín kí n tó gé e, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan, ẹ má rò pé mo fẹ́ fowó lé e.